Ìdérí Kékeré, Ẹ́ńjìnnì Ńlá: Ìtọ́jú Mọ́tò Tó Ti Rìn Jìnnà

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ ní Adó-Èkìtì, tó bá ti wo ọ̀dà ara rẹ̀ tán, nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ló kàn. Bó bá rí 90,000, inú rẹ̀ a dùn. Bó bá rí 170,000, ó di kó máa já owó. Ó sì lè má mọ̀ pé máìlì ni mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá fi ń ka ìrìn rẹ̀. Máìlì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ, torí náà 170,000 yẹn ti lé ní 270,000 kìlómítà. Bí ẹnìkan bá sì ti yí nọ́ńbà náà sẹ́yìn lójú ọ̀nà, ta ni yóò mọ̀?

Èmi kì í fi nọ́ńbà dá ẹjọ́ mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tọ́jú lè ṣiṣẹ́ kọjá 400,000 kìlómítà, èyí tí wọn ò sì tọ́jú lè kú kó tó dé ìdajì ibẹ̀. Ohun tó sábà máa ń pa mọ́tò àgbà ni nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kò wọ́n: rọ́bà tó ti gbó, ìdérí rédíétọ̀ tí kò dì mọ́, omi tó ń dín díẹ̀díẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè ibi tó ń gbà lọ.

Ooru ló ń pa jù. Ẹ wo mọ́tò tó gbéra ní Fájuyì lọ́sàn-án gangan, tó ń gba Adébáyọ̀ àti Òpópógbóòrò lọ sí Ìwọ̀rọ̀kọ̀, lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Ó sún díẹ̀, ó dúró. A/C ń ṣiṣẹ́. Kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí rédíétọ̀ àfi èyí tí fáànù bá fẹ́. Irú ibẹ̀ ni àìsàn tó ti fara pamọ́ ti ń jáde síta.

Iṣẹ́ omi inú mọ́tò kò ṣòro yé. Pọ́ńpù ń tì í yí ẹ́ńjìnnì ká, ó ń ru ooru lọ sí rédíétọ̀, ó ń tutù níbẹ̀, ó ń padà. Láàárín méjèèjì ni tẹ̀mósítáàtì wà, ilẹ̀kùn kékeré kan tó ní ìda nínú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ìda náà dì, ilẹ̀kùn sì tì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná tó bó ṣe yẹ. Bí ooru bá dé nǹkan bíi 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi á sì ráyè kọjá.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kò rí nǹkan yìí sójú rárá. "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ wa gbóná, ti àwọn òyìnbó tó ń gbé nínú yìnyín nìyẹn." Wọ́n á yọ ọ́ jù sínú agolo, mọ́tò tó ń hó lánàá á sì gbádùn. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́, torí tẹ̀mósítáàtì tó bá há, tí kò ṣí mọ́, ń sọ ẹ́ńjìnnì di iná lóòótọ́. Tuntun ló yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ò bá sí mọ́, omi á máa sáré kọjá láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò sì ní gbóná tó. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa tú epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Epo tí kò jó tán á ṣàn lọ bá ọ́ìlì, á sọ ọ́ di olómi, ọ̀rinrin tó yẹ kí ooru lé jáde á sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0128, ó ṣeé ṣe kí tẹ̀mósítáàtì ti kú, tàbí kí wọ́n ti yọ ọ́ láìsọ fún yín.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi lásán ń hó ní 100, ṣùgbọ́n ìdérí tó dì dáadáa ń há agbára mọ́ inú débi pé ó lè kọjá 115 kó tó hó. Bí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti rọ, omi á máa hó ṣáájú àsìkò, á máa tú jáde, wọ́n á sì sọ fún yín pé gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìdérí. Agbára yìí kan náà ló fà á tí a kì í fi í ṣí i nígbà tó gbóná: bí ẹ bá ti tú u, gbogbo omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò mọ́ ẹni tó ṣí i lójú.

Omi kànga ńkọ́? Ó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú tó ń dì mọ́ inú rédíétọ̀, ó sì ń jẹ́ kí irin dípẹtà. Kúláàǹtì ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó; kì í ṣe fún yìnyín nìkan. Bí atọ́ka ooru bá ń gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa A/C, ẹ ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú mọ́tò dé òpin, kó lè gba díẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wá ibi dúró sí. Kò pọn dandan kí ẹ délé. Orí ẹ́ńjìnnì tó bá ti tẹ̀ nítorí ooru ń jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé, ọ́ìlì á wá dà bíi tíì onímílíìkì.

Camry ọdún 2002 sí 2006, tí a ń pè ní Big Daddy, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, ní àrùn kan tí a mọ̀ mọ́ ọn. Tírẹ́ẹ̀dì ihò tí àwọn bọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wọ̀ máa ń bọ́ lápá ẹ̀yìn, níbi tí ojú kì í tètè dé, omi á sì máa jò síbẹ̀. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ gáàsíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, owó ló sọ nù. Wọ́n gbọ́dọ̀ lu àwọn ihò náà fẹ̀, kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì irin tuntun sí i kí orí tó padà. Corolla 1998 sí 2002 àti Camry Muscle 2007 sí 2009 onísílíńdà mẹ́rin, ọ́ìlì ni wọ́n ń mu. Ríǹgì tó ń gbá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà máa ń dí, ọ́ìlì á sì jó mọ́ epo. Ilẹ̀ tí ẹ páàkì sí á mọ́ tónítóní. Iná pupa ọ́ìlì kò ní kìlọ̀ fún yín, torí ìgbà tí agbára ọ́ìlì bá já ló ń tàn, kì í ṣe ìgbà tí ọ́ìlì bá dín. Ọ̀pá ọ́ìlì nìkan ló ń sọ òótọ́: ẹ fà á yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. (Bí ilẹ̀ tó tẹ́jú bá ṣọ̀wọ́n ládùúgbò yín, ilé epo sábà máa ń tẹ́jú.)

Ti gíà kò gùn. Ọ́ìlì pupa pọ̀ lọ́jà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. T-IV ni ti Big Daddy, WS ni ti Muscle, Honda sì ní tirẹ̀. Ẹ ka ara igò.

Bíréèkì ló kù, pàápàá fún ẹni tó ń gba Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí Iléṣà. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀, ooru rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọ́ìlì bíréèkì. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó di 205, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti gbà á tó, 140 péré lè mú un hó. Ọ́ìlì tó ń hó ń bí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ yín á wá rì dé ilẹ̀ láìsí bíréèkì. Ẹ fi mọ́tò sí 2 tàbí L kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè fà á sẹ́yìn, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì lẹ́yìn ọdún méjì méjì. Igò kékeré tí wọn ò tíì ṣí ni kí ẹ rà. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí nínú búùtù láti oṣù mélòó kan, ẹ má dà á sí i.