Láti Orí Àga Ọ̀jọ̀gbọ́n Dé Oko Ouando

Ìyá kan tọ̀ wá wá lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní baálé òun fẹ́ fi iṣẹ́ bírò tí ó ń ṣe ní Kútọnu sílẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ adìẹ àti ẹja. “Katikisi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni a bí. Ta ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọbẹ̀ tó dùn nù?” A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. A ní a óò wá sílé.

Kí a tó lọ, a ronú kan ẹni tí gbogbo Àjàṣẹ́ mọ̀, èyíinì ni Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ẹgbẹ́ Dòmíníkì Mímọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì mọ ìmọ̀ iná mànàmáná àti ti àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Ní nǹkan bí 1984, ó ń rí i nínú tẹlifíṣọ̀n bí ìyàn ṣe ń pa àwọn ènìyàn ní Etiópíà àti ní àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà. Kò lè jókòó mọ́. Ó rìn káàkiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí ó tó fi ìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ìjọba fún un ní ẹ̀kítà ilẹ̀ kan ní Ouando, ní 1985 sì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. (Ẹ rántí pé ìjọba ìgbà náà ni ó ti gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́wọ́ wa. Kí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ fún alùfáà ní ilẹ̀, ìyanu kékeré kọ́.) Songhaï ni ó sọ ibẹ̀, orúkọ ìjọba ńlá tí ó gbilẹ̀ ní etí odò Ọya láyé àtijọ́.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọgbà náà yóò ti rí i pé wọn kì í da ohunkóhun nù níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú kòtò, ó di gáàsì tí a fi ń dáná. Wọ́n ń sin ìdin lórí ìdọ̀tí, ìdin náà di oúnjẹ ẹja. Omi inú adágún ẹja ni wọ́n ń bù sí ìdí ẹ̀fọ́, ohun tó ṣẹ́kù lára ẹ̀fọ́ sì padà sọ́dọ̀ ẹran. Ní 1993, wọ́n fún Fadá náà ní Ẹ̀bùn Áfíríkà tí ẹgbẹ́ The Hunger Project dá sílẹ̀. Ẹ̀kítà kan ìjọ́sí ti ju ogún lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ìyá yìí, kì í ṣe ebi nìkan. Ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ wa yìí ni àwọn Faransé ń pè ní àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ Áfíríkà, àwa ará Àjàṣẹ́ sì gba oyè náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bírò ni a ń rán ọmọ lọ ilé-ẹ̀kọ́ fún. Bí ọmọ bá pẹ́ dé kíláàsì, tàbí tí ó ṣe aláìgbọràn, kí ni olùkọ́ ń fún un? Ọkọ́, kí ó lọ roko! A fi ọkọ́ jẹ wá níyà láti kékeré, báwo ni a óò ṣe gbà pé ẹni tó mú un nígbà tó dàgbà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni?

Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù pàápàá kì í ṣe àpáta. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò gbàgbé 1989, nígbà tí àwọn báńkì ìjọba ti wó, tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ń lo oṣù lórí oṣù láìrí fàráńkì kan gbà, kí Àpérò ti 1990 tó wáyé lábẹ́ Mọnsẹ́nyọ̀ de Souza. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó jẹ́ pé igbá tí ìyàwó ń gbé lọ ọjà ni ó bọ́ wọn nígbà náà.

Síbẹ̀, nígbà tí a dé ilé wọn, a kò gbè sẹ́yìn baálé náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rò. Ó ti múra láti fi Fadá Nzamujo ṣe ẹ̀rí. A ní, “Baba, ẹ dúró ná. Fadá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní kó ohun ìní jọ fún ara òun. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ ọ. Ta ni yóò bọ́ tiyín bí àrùn bá wọ inú adìẹ?” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń wọ ọkọ̀ lọ Kútọnu bí ẹni ń lọ ṣẹ̀wọ̀n, pé àwọn ọmọ máa ń ti sùn kí òun tó dé. “Owó náà ń wọlé, Katikisi, ṣùgbọ́n èmi gan-an kì í wọlé.” Ìyá náà gbé ojú sókè. Ó jọ pé kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí àwa kò mọ̀ ọ́n béèrè: adìẹ mélòó, ta ni yóò rà wọ́n, àti pé ṣé kò lè kọ́kọ́ wa adágún kan ṣoṣo kí ó máa tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan sì wà nílẹ̀ kí ó tó kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀? Baálé fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dìde láti máa lọ, wọ́n ń jiyàn lórí iye tí àpò àgbàdo kan jẹ́ ní ọjà Ouando, ìyá náà ni ó sì mọ̀ ọ́n.