Ògbufọ̀ Láàárín Káàdì àti Kọ̀ǹpútà: Àlàyé lórí Ètò CCID àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ "Driver" sí Yorùbá

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń lo káàdì oníṣíìpù lójoojúmọ́ láìfi ọkàn sí i. Káàdì tí a fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM jẹ́ ọ̀kan. Síìmù inú fóònù náà jẹ́ ọ̀kan. Nígbà ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2015 ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìka-káàdì wọ ẹnu tèwe-tàgbà, nítorí pé òun ni àjọ elétò ìdìbò fi yẹ káàdì àwọn olùdìbò wò. Ẹ̀rọ ọjọ́ náà dá dúró ni. Kò nílò kọ̀ǹpútà olùdìbò kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá so ẹ̀rọ ìka-káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ìbéèrè kan a máa yọjú: ta ni ó ń gbẹnu sọ láàárín káàdì àti kọ̀ǹpútà, ta ni ó sì lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò?

Ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, pàápàá jù lọ ètò CCID tí ó ń bá pcsc-lite ṣiṣẹ́. Láti inú àlàyé náà ni a ó ti rí i pé "awakọ̀" kò bá iṣẹ́ yìí mu, àti pé "ògbufọ̀" ni ó sún mọ́ ọn.

Èdè tí káàdì ń sọ

Kọ̀ǹpútà kékeré ni ó wà nínú káàdì oníṣíìpù. Ó ní ibi ìpamọ́, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì lè kọ̀ láti dáhùn. Ní ọdún 1974 ni Roland Moreno, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi èrò rẹ̀ nípa káàdì onírántí sílẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀. Ìwé ìlànà ISO/IEC 7816 ni ó sọ ìrísí irú káàdì bẹ́ẹ̀ lónìí, ibi tí àwọn ojú irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bí iná bá ti wọ inú káàdì, òun ni yóò kọ́kọ́ fọhùn. Ìfọhùn àkọ́kọ́ yìí, tí a mọ̀ sí ATR, kì í ju báìtì 33 lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3B, a ó ka àwọn àmì inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ 3F ni, a ó yí wọn padà kí a tó kà wọ́n. Inú ATR yìí kan náà ni káàdì ti ń sọ ìlànà tí ó gbọ́: T=0, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní báìtì kọ̀ọ̀kan, tàbí T=1, tí ó ń dì í ní ìdì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà ni yóò máa pàṣẹ, káàdì yóò sì máa dáhùn. Báìtì méjì ni ó ń parí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. 90 00 túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí láìsí ìṣòro. 6A 82 túmọ̀ sí pé fáìlì tí a ń wá kò sí. Bí ènìyàn bá tẹ nọ́ńbà àṣírí tí 63 C2 sì jáde, nọ́ńbà náà kò tọ̀nà, ó sì ku ẹ̀ẹ̀mejì péré kí káàdì tó ti ara rẹ̀ pa. Èyí fi hàn pé àṣìgbọ́ kékeré láàárín ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀ yìí lè ná ẹni tí ó ni káàdì ní nǹkan.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀

Ìlànà ISO sọ bí a ṣe ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe bá ẹ̀rọ ìka-káàdì sọ̀rọ̀. Olùṣelọ́pọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe é bí ó ti wù ú. Ní ọdún 1996, àwọn ilé-iṣẹ́ kan, tí Microsoft wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ PC/SC sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé ìlànà wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1997. Ìlànà yìí mú kí àwọn ètò tí ènìyàn ń lò, bí ètò ìfọwọ́sí ìwé, máa fi ohùn kan náà béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, irú ẹ̀rọ yòówù kí ó wà níbẹ̀.

David Corcoran ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ MUSCLE láti mú káàdì oníṣíìpù wọ ayé Linux, láti inú rẹ̀ sì ni pcsc-lite ti jáde. Síbẹ̀, ìdajì ìṣòro ni èyí yanjú. Ohùn kan ni ó wà lókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ ṣì nílò ètò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di egbìnrìn ọ̀tẹ̀: bí a ti ń pa ọ̀kan ni òmíràn ń rú. Ẹni tí olùṣelọ́pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá kọ ètò fún Linux kò ní olùgbèjà.

CCID: ògbufọ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ

Àwọn tí ń ṣètò ìlànà USB ni wọ́n mú ọ̀nà àbáyọ wá. Wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìka-káàdì, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0B, wọ́n sì pe ìlànà rẹ̀ ní CCID. Ẹ̀dà 1.1 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Lábẹ́ ìlànà yìí, báìtì mẹ́wàá ni ó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́, bí ó ṣe gùn tó, ojúhò tí ó ń lọ, nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìtòtẹ̀léra, àti àlàyé díẹ̀. 62 ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó fún káàdì ní iná. 6F ń gbé àṣẹ lọ fún káàdì. 80 ni ẹ̀rọ fi ń dá èsì padà.

Nítorí pé ìwé ìlànà náà wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kọ ètò tí ó tẹ̀lé e. Ludovic Rousseau ni ó kọ èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lórí Linux, lábẹ́ ìwé-àṣẹ LGPL tí ó fún gbogbo ènìyàn láyè láti kà á, láti tún un ṣe àti láti pín in. Ètò kan ṣoṣo yìí ń sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀rọ.

Ìrìnàjò àṣẹ kan rí báyìí. Ètò tí ènìyàn ń lò fi àṣẹ lé pcscd lọ́wọ́, ètò abẹ́lẹ̀ tí ó dà bí oníbodè: òun ni ó ń pinnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ètò méjì má baà bá káàdì kan sọ̀rọ̀ pọ̀ ní ìdàrúdàpọ̀. Oníbodè yìí pe ètò CCID. CCID fi báìtì mẹ́wàá síwájú àṣẹ náà, ó sì gba ojú ọ̀nà USB fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ fi í fún káàdì, èsì sì gba ọ̀nà kan náà padà. Òde ọkàn Linux, níbi tí àwọn ètò yòókù wà, ni CCID ti ń ṣe gbogbo èyí. Bí ó bá ṣubú, kò ní gbé odindi kọ̀ǹpútà ṣubú.

Iṣẹ́ CCID kò dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a máa sọ ibi tí òye tirẹ̀ dé. Òmíràn lè gba àṣẹ lódindi kí ó sì parí ìyókù fúnra rẹ̀. Òmíràn kò gbọ́ ju ìdì kọ̀ọ̀kan lọ, CCID ni yóò sì bá a ṣe ìṣirò T=1 láti inú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, àwọn ìlà kan wà nínú kóòdù tí ń fi nọ́ńbà olùṣelọ́pọ̀ àti ti ẹ̀rọ dá wọn mọ̀, tí wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ìdí nìyí tí a fi pín àwọn ẹ̀rọ sí ìsọ̀rí: èyí tí a ti dán wò tí ó ṣiṣẹ́, èyí tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́, àti èyí tí kò bá ìlànà mu.

Ìgbẹ́kẹ̀lé

Ẹni tí ń gbẹnu sọ fún ẹni méjì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2010, a rí àbùkù kan nínú apá pcscd tí ń tú ATR. Káàdì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ATR rẹ̀ ní apá kan tí ó gùn ju bí ó ṣe yẹ lọ lè da ètò náà rú, bóyá kí ó tilẹ̀ mú un ṣe ohun tí olówó káàdì náà fẹ́. Ètò náà ti gba ọ̀rọ̀ àlejò gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. A tún un ṣe, àti àbùkù àti àtúnṣe sì wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n.

Nígbà mìíràn, ohun tí ó dára jù ni kí ẹni àárín má gbọ́ ọ̀rọ̀ rárá. Àwọn ẹ̀rọ ìka-káàdì kan ní bọ́tìnì nọ́ńbà lára. CCID kàn sọ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó gba nọ́ńbà àṣírí. Nọ́ńbà náà yóò sì kọjá láti orí bọ́tìnì sínú káàdì láìdé inú kọ̀ǹpútà.

Orílẹ̀-èdè Estonia fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Láti ọdún 2002 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń gba káàdì ìdánimọ̀ oníṣíìpù, láti 2005 sì ni wọ́n ti lè fi dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ọmọ ìlú tí ó ń lo Linux, pcsc-lite àti CCID wà lára ohun tí ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àpótí ìbò. Bí kóòdù wọn bá wà ní ìkọ̀kọ̀, ọjọ́ tí olùṣelọ́pọ̀ kan bá dẹ́kun iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú náà yóò di ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Awakọ̀ tàbí ògbufọ̀?

Bí a bá túmọ̀ "driver" ní tààrà, "awakọ̀" ni a ó rí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni ó di ìdarí mú. Ibi tí ó bá yà sí ni ọkọ̀ ń yà sí. CCID kò darí káàdì, kò sì pinnu ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ èdè méjì. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀kan sínú èkejì láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù nìyẹn gẹ́lẹ́, ìdíwọ̀n kan náà ni a sì fi ń mọ èyí tí ó dára: ṣé ẹlòmíràn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè jẹ́rìí sí ohun tí ó sọ?

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní interpreter, tí ń ka èdè bíi Python tí ó sì ń mú àṣẹ inú rẹ̀ ṣẹ. Kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀rúúrùú, a lè pe èyí ní "amúkóòdùṣẹ", kí "ògbufọ̀ ẹ̀rọ" sì jẹ́ ti driver nìkan. Orúkọ náà bá ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mu pẹ̀lú, nítorí pé ètò tirẹ̀ náà ń sọ ojú ìwé di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohùn kan lókè, ìlànà kan nísàlẹ̀, àti ògbufọ̀ kan láàárín tí ẹnikẹ́ni lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: orí ohun mẹ́ta yìí ni ètò ìka-káàdì Linux dúró lé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ "awakọ̀", yóò béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Bí ó bá gbọ́ "ògbufọ̀", yóò béèrè bóyá òótọ́ ni ó ń sọ, ìbéèrè yìí sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lórí ọ̀rọ̀ káàdì.