Ìdí Tí Ìwádìí Ebola Fi Pẹ́ ní Guinea

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ọmọdé kan kú ní abúlé Meliandou, ní orílẹ̀-èdè Guinea. Àrùn onígbáméjì ni àwọn elétò ìlera kọ́kọ́ fura sí. Oṣù Kẹta ọdún 2014 ni wọ́n tó mọ̀ pé Ebola ni, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn dé ilé àyẹ̀wò ní Lyon, ilẹ̀ Faransé.

Nígbà tí ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, aláìsàn ti ń dín kù. Ayọ̀ ni fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ìṣòro ni fún olùwádìí: níbi tí àrùn kò bá sí, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ń dáàbò boni? Wọ́n wá ń tọpasẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fún àwọn tó sún mọ́ ọn ní abẹ́rẹ́, àwọn kan lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù Keje, wọ́n fòpin sí ìdádúró náà.