Àwọn Ẹlẹ́rìí Inú Ẹrẹ̀

Ní ọdún 1942 ni a sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ẹni tí ó bá dúró létí irú adágún bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó rí omi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó ń dán, lè sọ pé omi náà dára. Ṣùgbọ́n ojú omi a máa tan ènìyàn jẹ. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rí wà, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí kò ní eegun ẹ̀yìn, tí ń gbé inú ẹrẹ̀: ìdin, ekòló omi, ìṣáwùrú àti ọmọ lámilámi.

Ẹja lè sá fún omi tí ó bàjẹ́, kí ó sì padà. Omi tí a bù sínú ìgò kò lè sọ ju ti wákàtí tí a bù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí. Ohunkóhun tí ó bá dé bá adágún láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ti dé bá òun náà.

Omi adágún kì í ṣàn bí ti odò. Oòrùn a mú ti òkè gbóná. Ti ìsàlẹ̀ a tutù, a sì wúwo, kì í dàpọ̀ mọ́ ti òkè nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Bí òjò bá gbá ìgbẹ́, pàǹtírí tàbí ajílẹ̀ oko wọ inú rẹ̀, ewéko wẹ́wẹ́ yóò hù nínú omi, yóò kú, yóò sì rì. Bí wọ́n ti ń jẹrà ni wọ́n ń jẹ ọ́síjìn ìsàlẹ̀ tán, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dá fi ń wà láàyè.

Lára àwọn tí ń kọ́kọ́ lọ ni ọmọ kòkòrò kan tí ó ní ìrù tín-ín-rín, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ̀yà ìmí rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn bí ìyẹ́ wẹ́wẹ́. Ó lè lo oṣù púpọ̀ nínú omi. Bí ó bá hu ìyẹ́ tán, agbára káká ni ó fi ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì láyé. Àwọn tí ń ṣẹ́kù ni ìdin pupa, tí yóò di kòkòrò tí ó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, àti ekòló bí òwú, tí ń ki orí bọ ẹrẹ̀, tí ó sì ń mi ìrù nínú omi kí ó lè mí. Pupa wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Irú ohun pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni, òun ni wọ́n sì fi ń di ìwọ̀nba ọ́síjìn tí ó kù mú. Kò burú bí a bá rí wọn láàárín àwọn mìíràn; ìgbà tí wọ́n bá dá nìkan kún ibẹ̀ ni ọ̀ràn dé.

Adágún Erie, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, kì í ṣe èyí tí ènìyàn sé, ṣùgbọ́n ó fi èyí hàn gbangba. Látijọ́, kòkòrò onírù tín-ín-rín náà a máa jáde níbẹ̀ nígbà ooru tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi ṣọ́bìrì kó òkú wọn kúrò ní títì. Ní ọdún 1953, ooru mú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹsàn-án, òkú àwọn ọmọ kòkòrò náà kún ẹrẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn adágún. Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ní 1972 ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti tọ́jú omi náà. Síbẹ̀, ó di àwọn ọdún 1990 kí kòkòrò náà tó padà wá.

Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ wò lè bu ẹrẹ̀, kí ó fi omi ṣàn án nínú asẹ́, kí ó da ohun tí ó kù sínú àwo funfun pẹ̀lú omi díẹ̀. Láìpẹ́ wọn yóò máa rìn. Kí ó má ṣe bù ú níbi tí omi ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí gbígbẹ nìkan ti tó láti pa wọ́n níbẹ̀. Kí ó sì lo igbá ọlọ́wọ́ gígùn, kí ó má ṣe wọ omi lẹ́sẹ̀ lásán: irú ìṣáwùrú kan ni ó ń gbé àtọ̀sí ajá, tí ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀, àrùn tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé yí adágún Ọyán ká, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí a ṣí i ní 1983.

Ohun kan wà tí àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí kò lè sọ: wọn kò mọ̀ bóyá kòkòrò àìfojúrí onígbáméjì wà nínú omi. Bí onírù mẹ́ta tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú, kí a se omi náà kí ó hó kí a tó mu ún.