Nígbà tí Àbúrò Bá Ń Bọ̀

Bí oyún obìnrin bá ti wọ oṣù keje, ara ikùn rẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà. Àwọn tí ó bá pàdé lọ́nà yóò máa kí i pé, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o". Àwọn àgbà yóò sì máa gbàdúrà pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Èyí dára, ó sì tọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé tí a kì í sábà rántí kí ní àkókò náà. Ẹni náà ni ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún kejì tàbí ìkẹta láyé, tí ó ń di ìró ìyá mú, tí kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gba ẹ̀yìn àti ọmú mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé bí ilé kò bá múra sílẹ̀ ní oṣù 3 tí ó gbẹ̀yìn oyún, ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di olókùnrùn, ó tilẹ̀ lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìyá fúnra rẹ̀. Oyún a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ọmọ inú a máa tóbi kíákíá. Ẹ̀yìn a máa ro ìyá, ẹsẹ̀ a máa wú u, èémí rẹ̀ a sì máa tètè ká. Kò dára mọ́ kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ̀gbẹ́ ni ó yẹ kí ó máa fi sùn. Ẹni tí ó lóyún àkọ́bí lè jókòó nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ti ní ọmọ 2 tàbí 3 nílẹ̀ kò rí àyè ìjókòó. Ọ̀kan ń ké pé ebi ń pa òun, èkejì ti da omi sílẹ̀, ẹ̀kẹta ní dandan àfi kí wọ́n pọn òun. Bí ó bá tún wá jẹ́ amọ̀kòkò ní Òkèlele tàbí ní Dàda, amọ̀ wà nílẹ̀ tí a ó gún, ìkòkò ńlá sì wà tí a ó máa fi ẹ̀yìn rìn yí ká ní ìbẹ̀rẹ̀ bí a ti ń mọ ọ́n. Òkìkí ìkòkò Ìlọrin kàn jìnnà. Ẹni tí ó bá ń ra á lọ́jà kì í sábà rò ó pé olóyún lè wà lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ ọ́n.

Ní àwọn agbo ilé ńlá tí ó wà ní Àlànàmú, ní Gàmbàrí, ní Àjíkòbí àti ní àdúgbò àwọn Fúlàní, ẹrù yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn baba wa ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyáálé wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti gbọ́njú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ti lè jókòó jẹ́ẹ́ yóò gbé wàláà wọn, wọn yóò lọ sí ilé kéwú lọ́dọ̀ Alfa, àwọn kéékèèké a sì máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, bí wọn kò tilẹ̀ tíì mọ álífù. Ibi tí oúnjẹ bá ti kọ́kọ́ jinná ni ọmọ ti ń jẹun. Ní ilé tí ó bá létò, ìyá àgbà kì í dúró de ọjọ́ ìrọbí kí ó tó gba ọmọ. Bí oyún bá ti ń yọ ni yóò ti máa pe ọmọ náà wá sun orí ẹní òun, ní alẹ́ kan, lẹ́yìn náà ní alẹ́ 3, títí ẹní ìyá àgbà yóò fi mọ́ ọmọ lára. Nígbà tí oyún bá fi di oṣù kẹsàn-án, ọmọ ti ní ibòmíràn tí ó lè fi orí lé.

Àwọn àgbà tún ní ọgbọ́n mìíràn. Wọn kì í fẹ́ kí oyún tètè tẹ̀ lé ọmọ. Obìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún 2, nígbà mìíràn ọdún 3. John Caldwell àti aya rẹ̀ Pat, tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn Yorùbá, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1977. Wọ́n sì rí i pé ìlera ọmọ ni àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí àṣà náà. Ìlọrin jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé Al-Kùránì fi ọdún 2 gbáko sí ọmú mímu fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é pé. Lóde òní, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí oṣù 24 kọjá lẹ́yìn ìbímọ kan kí òmíràn tó dúró. Bí a bá fi oṣù 9 oyún kún un, yóò jẹ́ oṣù 33 láàrin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí ó tún èrò ara rẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìṣe àtijọ́ ni ó sunwọ̀n, ìyìn asán kò sì yẹ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé májèlé ni omi ọmú olóyún. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìyá bá ti mọ̀ pé òun lóyún ni wọn yóò fi ohun kíkorò pa orí ọmú, tí wọn yóò já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú lójijì. Irọ́ ni pé omi ọmú náà jẹ́ májèlé. Òótọ́ ni pé ó máa ń dín kù bí oyún ti ń dàgbà, tí adùn rẹ̀ sì ń yí padà. Ṣùgbọ́n bí ara ìyá bá le, tí ó ń jẹun dáadáa, díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí a gbà á lẹ́nu ọmọ. Èyí tí ó tún burú jù ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ọmú, ẹ̀kọ lásán ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Wọn a fi ẹyin àti ẹran du ọmọ, wọn a ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò ya olè.

Ohun tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọmọ ni dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, rí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ọdún 1 sí 4 wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, awọ ara wọn ń bó, wọ́n ń kanra, oúnjẹ kò sì wù wọ́n. Oúnjẹ àgbàdo ni a fi ń bọ́ wọn. Ní 1933 ó kọ ìwé nípa wọn. Ní 1935 ó tún kọ òmíràn, ó sì fi orúkọ tí àwọn Gá ti Accra ń pe àrùn náà sí i, èyí ni kwashiorkor. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a gbé kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe dókítà ni ó sọ àrùn náà lórúkọ. Àwọn ìyá ti mọ ìgbà tí ó ń dé, wọ́n sì ti mọ ẹni tí ó ń mú, kí àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé wá rí àwòrán àrùn náà nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láti 1967 sí 1970. Ṣùgbọ́n ní ilé tí kò sí ogun rárá, ó lè wọlé ní àkókò oyún.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, dókítà David Morley, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a ya ìlà sí. Bí a bá ti wọn ọmọ, a ó fi àmì kan sí i. Bí àwọn àmì náà bá ń gòkè, ara ọmọ ń dá ṣáṣá. Bí wọ́n bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, bí ojú lásán kò tilẹ̀ tíì rí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ìyá tí ó bá lóyún a máa gbàgbé káàdì ọmọ tí ó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkókò náà gan-an ni ó yẹ kí a máa wò ó.

Oúnjẹ tí a lè fi gbé ọmọ dúró kò wọ́n wa ní Ìlọrin. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri ń mú ara ọmọ dàgbà. Ẹ̀wà tí a sè tí ó rọ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ sínú ẹ̀kọ, ẹ̀pà àti ẹyin, gbogbo wọn ni ó dára. Kí ọmọ náà ní àwo tirẹ̀. Bí a bá ní kí ó máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n 3 tọwọ́ bọ àwo kan náà, àwọn ni yóò jẹ ẹran, òun ni yóò lá ọbẹ̀.

Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ìdílé ti kúrò ní agbo ilé. Wọ́n ń gbé ní Tánkẹ́, ní Adéwọlé àti ní àwọn àdúgbò tuntun mìíràn, tọkọtaya àti ọmọ nìkan nínú yàrá 2, tí ìyá ọkọ wà ní ọ̀nà jíjìn. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí olóyún rí àwọn elétò ìlera ní ìgbà 8. Ìgbà 5 nínú rẹ̀ bọ́ sí oṣù 3 tí ó gbẹ̀yìn. Ta ni yóò di àwọn ọmọ mú ní ọjọ́ 5 náà? Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tí kò bímọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin jókòó sílé.

Èmi tí mo ń kọ́ni mọ ìdáhùn tí àwọn kan ń fún un. Wọ́n á dá ọmọbìnrin dúró kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Arákùnrin rẹ̀ tí ó fi ọdún 2 jù ú lọ yóò sì wà ní pápá, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù. Èyí kò tọ́. Ọkùnrin lè pọn omi, ó lè fọ aṣọ, ó lè wẹ ọmọ, ó sì lè gbé àbúrò rẹ̀ kọ́ èjìká. Bí baba bá rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bu òun kù, kí ó bi Alfa rẹ̀ léèrè ohun tí hádíìsì wí nípa bí Ànábì Muhammad ti máa ń ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn kan a máa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àbúrò rẹ ń bọ̀ wá gba màmá rẹ." Ẹ̀rín ni lẹ́nu wọn, ìbẹ̀rù ni létí ọmọ. Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀; èyí tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lè máa sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ẹ má ṣe nà án. Kí ìyá jókòó, kí ó fi ọwọ́ ọmọ kan ikùn nígbà tí àbúrò bá ń mì, kí ó sì sọ fún un pé òun náà ti gbé ibẹ̀ rí. Bí yóò bá sì lọ gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, kí ó ti lọ kí ó sì ti bọ̀ ní ìgbà mélòó kan ṣáájú, kí ó má ṣe jẹ́ pé ọjọ́ ìrọbí ni a óò fà á lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó wà nílé pẹ̀lú ìyá yín nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dẹwọ́, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí ó bá ní ọmọ inú kò mì mọ́, ẹ má ṣe dúró de baba láti ibi iṣẹ́. Ẹ ké pe aládùúgbò, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ ti mọ ṣáájú èyí tí ó súnmọ́ yín jù lọ, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ní àdúgbò, àti ẹni tí yóò jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké.

Bí Ọlọ́run bá sì sọ̀ ọ́ láyọ̀, àlejò yóò kún ilé títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ kẹjọ. Kí a wẹ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ní ọjọ́ náà, kí a wọ aṣọ fún un, kí a sì fún un ní ẹran tirẹ̀ nínú àgbò tí a pa. Kí ẹni tí ó ti ń bọ́ ọ ní oṣù kẹsàn-án má ṣe padà lẹ́yìn rẹ̀ ní àárín ogójì ọjọ́ tí ìyá fi ń sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí a bá ń gbé ọmọ tuntun lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí a mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání pẹ̀lú káàdì rẹ̀, kí a sì ní kí nọ́ọ̀sì gbé òun náà lé orí òṣùwọ̀n.