Àdá àti Èèkù Rẹ̀: Bí Ooru ti Ń Gba Inú Nǹkan Kọjá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọ kan bi wá léèrè pé, "Tíṣà, èéṣe tí irin àdá fi tutù ju èèkù rẹ̀ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ibì kan náà ni àwọn méjèèjì wà mọ́jú?" A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni a ti dá irin. Ìdáhùn wa kò tọ̀nà, ó sì ń dùn wá títí di òní, nítorí ohun tí olùkọ́ bá sọ ni ọmọ yóò gbé lọ sí ilé.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n ooru kan irin náà, tí a sì fi kan igi rẹ̀, iye kan náà ni yóò fi hàn. Ọwọ́ wa ni ó tàn wá jẹ. Ooru a máa ti ibi tí ó ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti kéré. Ọwọ́ gbóná ju àdá lọ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Irin a máa gba ooru ọwọ́ kánkán, ṣùgbọ́n igi a máa lọ́ra. Nítorí èyí náà ni orógùn igi kì í fi í jó ìyá wa lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń ro ọkà.

Báwo ni a ṣe lè wọn èyí? Ṣáájú ọdún 1790, Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Hóláǹdì, mú ọ̀pá fàdákà, bàbà, irin àti òjé tí wọ́n dọ́gba, ó fi ìda bò wọ́n, ó sì mú kí ìdí wọn gbóná bákan náà. Ibi tí ìda yọ́ dé lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ó fi mọ èyí tí ń gbé ooru jù.

Ní ọdún 1822, Joseph Fourier, ará Faransé, fi ìṣirò ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ ooru ìhà méjèèjì ògiri bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru tí ń gbà á kọjá yóò pọ̀ tó. Bí ojú ògiri bá fẹ̀, yóò pọ̀ sí i. Bí ó bá nípọn, yóò dínkù. Ohun kẹrin ni irú nǹkan tí a fi ṣe é: bàbà ń gbé ooru ju irin lọ ní ìwọ̀n ìlọ́po 5, irin sì ju igi lọ ní ìlọ́po tí ó ju 100 lọ.

Nígbà tí a bá padà sí kíláàsì náà, a ó jẹ́wọ́ fún ọmọ náà pé a ṣìnà. A ó ní kí ó rọra fi ọwọ́ kan àdá tí ó ti wà nínú oòrùn ọ̀sán: irin tí ó tutù lówùúrọ̀ ni yóò ta á lọ́wọ́ ju èèkù lọ. Bí ó bá ṣe pé títutù ni a dá mọ́ irin, báwo ni èyí ìbá ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ó di olùkọ́ máa wọn nǹkan wò kí a tó dáhùn.