Toyota lásán ni wọ́n fi lé táńkì Gaddafi sá ní Chad, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú wọn padà rí

Ta ni kò mọ Toyota nílùú yìí? Òun ni wọ́n fi ń kó tòmátò àti àlùbọ́sà lọ sọ́jà, òun làwọn bírìkìlà ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òun náà sì làwọn ọlọ́pàá máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n bá ń sin àwọn ọ̀gá ńlá kọjá. Píkọ́ọ̀pù là ń wí o, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé mọ́tò yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè tálákà kan gùn lọ sójú ogun, tí wọ́n fi fọ́ táńkì tó lé ní àádọ́rùn-ún níbi ìjà kan ṣoṣo, ẹ lè ní onítọ̀hún ti mu nǹkan yó. Irọ́ kọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1987, kò sì jìnnà sí wa rárá. Chad tó bá wa pààlà ní ìhà Borno ni.

Ẹ má wo bí ilẹ̀ Chad ṣe fẹ̀ tó lórí máàpù, torí ó fẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ. Yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Lásìkò tí à ń wí yìí, gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Wọn kò ní etíkun, wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo rọ̀bì, 2003 ni ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 1965 ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà nínú ilé. Líbíà tó wà lókè wọn kò pọ̀ níye jù wọ́n lọ, àmọ́ owó epo wà lọ́wọ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Muammar Gaddafi, ó sì ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà bí ẹni ń ra ẹ̀kọ lọ́jà. Táńkì rẹ̀ lé ní 2,000, ká má tíì sọ ti bàálù ogun.

Ní 1973 ni Gaddafi kó ṣọ́jà wọ Aouzou, ìyẹn ilẹ̀ tóóró kan ní àríwá Chad, ó ní ti òun ni. Nígbà tó yá, kò mọ sí Aouzou mọ́. Ó ń ti àwọn kan lẹ́yìn láti gbàjọba, ó sì ń kọ́ bárékè sórí ilẹ̀ onílẹ̀, títí ìdajì orílẹ̀-èdè náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní N'Djamena tó jẹ́ olú ìlú, Hissène Habré ló ń ṣe olórí láti 1982. Òun náà kì í ṣe ẹni à á fi ṣeré, ẹ ó gbọ́ tirẹ̀ tó bá yá.

TÁŃKÌ ÀTI PÍKỌ́Ọ̀PÙ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Táńkì tí Líbíà gbójú lé jù ni T-55 tí Rọ́ṣíà ṣe. Irin gìdìgbà ni, ó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 36, ṣọ́jà mẹ́rin ló ń wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá yìnbọn kékeré lù ú láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni ń ju òkúta lu àpáta ni. Àmọ́ ó ní àléébù tirẹ̀. Kò yára, ó ń mu epo bí ọ̀mutí, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì rí ìta dáadáa. Tí ọ̀tá bá gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn yọ sí i lójijì, kí wọ́n tó yí ìbọn ńlá orí rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Toyota kò ní irin kankan lára tó lè dá ọta dúró. Páànù ni, gíláàsì ni. Eré nìkan ló ní. Àwọn ọmọ ogun Chad á de ìbọn arọ̀jò-ọta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní MILAN sí i. Faransé àti Jámánì ló jọ ṣe MILAN yìí. Wáyà tín-ín-rín ló so rọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi yìn ín. Ẹni tó yìn ín á tẹjú mọ́ táńkì náà nínú awò, ibi tó bá ń wò ni rọ́kẹ́ẹ̀tì á máa forí lé títí tí yóò fi lu irin. Ó lè rìn tó kìlómítà méjì.

Ká má parọ́, Chad nìkan kọ́ ló dá a ṣe. Faransé fún wọn ní ohun ìjà, wọ́n fún wọn ní Toyota tó tó nǹkan bíi 400, bàálù wọn sì ń ṣọ́ ojú òfurufú kí ti Gaddafi má baà sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù. Amẹ́ríkà náà fún wọn lówó, wọ́n fún wọn ní ohun ìjà. Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn Chad jù o. Gaddafi ni wọ́n ń wá.

ỌJỌ́ TÍ FADA DÀRÚ

Ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní 1987 ni iná jó dórí kókó. Hassan Djamous, ọ̀gágun Chad, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Fada, níbi tí ṣọ́jà Líbíà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan dó sí pẹ̀lú táńkì wọn. Ọmọ aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Djamous kó lọ, wọ́n mọ yanrìn yẹn bí a ṣe mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò wa. Orí ràkúnmí làwọn baba wọn ti máa ń já lu ọ̀tá lójijì, kí wọ́n tó pòórá. Ohun kan náà làwọn ọmọ ṣe, Toyota ló kàn rọ́pò ràkúnmí.

Wọn kò wá lójú kan. Ìhà ọ̀tún, ìhà òsì, ẹ̀yìn, ibi gbogbo ni wọ́n gbà yọ, eré burúkú sì ni wọ́n ń sá. Kí táńkì tó yíjú sí ọ̀kan, òmíràn ti yìn ín lẹ́yìn. Ìtàn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n máa ń sọ, pé táwọn awakọ̀ bá ti lé ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kì í lè mú wọn, ẹ̀yìn wọn ló máa ń bú sí. Ẹ̀mí ló wà nínú ìyẹn o, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀ ní ṣọ́jà Líbíà 784 ló kú ní Fada, T-55 tó bàjẹ́ jẹ́ 92. Ti Chad ńkọ́? Èèyàn 18 àti Toyota mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Lóṣù kẹta ọdún náà, wọ́n tún kọlu Ouadi Doum, níbi tí Líbíà kọ́ pápá bàálù ńlá sí, tí wọ́n sì ri bọ́ǹbù yí ká bí ẹni fi ẹ̀gún sọgbà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ni ibẹ̀ bọ́. Ṣọ́jà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kú fún Líbíà, wọ́n sì mú ọ̀gá wọn láàyè. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan ni, Khalifa Haftar lorúkọ ẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Hẹlikọ́pítà ogun Mi-25 kan tí Rọ́ṣíà ṣe wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1988, àwọn ará Amẹ́ríkà wá lóru, wọ́n so ó rọ̀ sábẹ́ hẹlikọ́pítà tiwọn, wọ́n gbé e lọ kí wọ́n lè rí àṣírí inú rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án 1987 ni wọ́n wá ṣe èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n wọ ilẹ̀ Líbíà gan-an, wọ́n rìn tó nǹkan bíi 100 kìlómítà, wọ́n sì ba pápá bàálù Maaten al-Sarra jẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi gbà láti dáwọ́ ìjà dúró. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1994, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní Hague dá a pé Chad ló ni Aouzou. Adájọ́ 17 ló jókòó, 16 ló fara mọ́ ọn. Lóṣù karùn-ún ọdún náà ni Líbíà kó ẹrù wọn. Títí dòní, Ogun Toyota ni wọ́n ń pe ogun náà.

OHUN ÌJÀ KÒ MỌ OLÓWÓ Ẹ̀

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, ká jó ká yọ̀. Kò parí síbẹ̀ o.

Djamous tó ṣẹ́gun yìí kò lo ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1989, wọ́n ní òun àti Idriss Déby, tí òun náà ti ṣe ọ̀gá ológun rí, fẹ́ gbàjọba. Djamous kú sínú wàhálà náà, Déby sá lọ sí Sudan. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: Gaddafi tí wọ́n jọ lé sá lọ́jọ́sí wà lára àwọn tó fún Déby ní ohun ìjà. Ní ìparí 1990, Déby kó Toyota bọ̀ láti Sudan, ó gba inú aṣálẹ̀ náà wọlé, Habré sì ṣá lọ kí ó tó dé N'Djamena níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá.

Ìgbà yẹn ni àṣírí wá tú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Chad gbé kalẹ̀ fojú bù ú ní 1992 pé nǹkan bíi 40,000 èèyàn ni wọ́n pa lábẹ́ ìjọba Habré. Ọmọ Chad ni wọ́n o, kì í ṣe ṣọ́jà Líbíà. Lóṣù karùn-ún 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Dakar ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àrùn Kòrónà sì ni ó pa á lọ́dún 2021.

Gaddafi ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ dìde sí i ní 2011, kí ni wọ́n fi jà? Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n de ìbọn mọ́ lẹ́yìn ni. Lóṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n pa á ní Sirte. Haftar tí wọ́n mú lẹ́rú ní Ouadi Doum ti gbé ní Amẹ́ríkà fún bí ogún ọdún, ló bá padà sílé, ó sì di ọ̀gágun tó mú ìlà oòrùn Líbíà dání.

Ibi tí Haftar ń ṣàkóso lé lórí yẹn náà làwọn ọlọ̀tẹ̀ Chad kan fara pamọ́ sí. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2021, wọ́n kó sínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n sọdá aṣálẹ̀. Déby, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí oyè, lọ bá wọn lójú ogun. Ogún ọjọ́ oṣù náà ni àwọn ológun Chad kéde pé ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun ti pa á. Ìkà tó bá ń fi idà pa ni, kì í fẹ́ kí wọ́n mú idà gba ìpàkọ́ òun kọjá. Déby mọ idà náà dáadáa, torí òun náà ló fi dé ipò.

Àwa náà ti rí mọ́tò wọn rí. Ní 2015, ṣọ́jà Chad gbé Toyota wọ Borno, wọ́n bá Boko Haram jà ní Gamboru àti Damasak. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò irú èyí kan náà ni Boko Haram ń gùn wọ abúlé.

Djamous tó ṣẹ́gun ní Fada ti kú, táńkì Gaddafi sì wà lórí yanrìn níbẹ̀, ó ń dípàtà. Àmọ́ bọ́ǹbù tí wọ́n rì sí àyíká Ouadi Doum kò mọ̀ pé ogun ti parí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣì ń hú u, àwọn darandaran àti ọmọ wọn ló sì ń fẹsẹ̀ tẹ èyí tí wọn kò tíì hú. Àwọn yẹn kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní Toyota.